Métírọ̀nì Sàba Lórí Ẹyin Àparò

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Fẹ́búárì, 1957

Mo ti sọ ọ́. Láti Ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbé e mì bí àgbo kíkorò – ẹyin Gómìnà kò ní pa. Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Gómìnà ni ìyá ọkọ mi. (Ìwé yìí nìkan ló mọ orúkọ yẹn. Tó bá ta sí wọn létí, kí n kúkú máa lọ sílé bàbá mi.) Wọ́n ní kí n bójú tó adìyẹ wọn tó ń sàba. Mo bójú tó o. Mo rí ìgbẹ́ lára ẹyin, mo rántí ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tí wọ́n kọ́ wa níléèwé, mo fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gbogbo wọn. Mo nù wọ́n gbẹ. Wọ́n ń dán. Ẹyin tó mọ́ jù ní gbogbo ìlú Ọ̀jọ́. Ọjọ́ Ajé ni mo tó gbọ́ pé ẹyin tí a bá fọ̀ kì í pa mọ́. Lónìí Gómìnà fọ́ ọ̀kan wò – gbogbo ilé sá jáde.

Wọn kò pariwo. Ìyẹn ló burú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Ṣàkírù ọmọ mi lẹ́yìn mi, wọ́n ní: “Ìyá Ṣàkírù, ẹyin tí kì í sunkún, tí kì í ṣu, o pa á. Ọmọ mi lo wá fẹ́ gbé lọ Kàdúná?”

Bàbá Ṣàkírù ti rí yàrá ní Kàdúná, níbi iṣẹ́ rélùwéè rẹ̀. Ó ní kí èmi àti ọmọ máa bọ̀ kí ààwẹ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n láìsí àṣẹ Gómìnà, ta ló ń lọ ibì kankan?

Ọjọ́ Àìkú, 3 Fẹ́búárì

Gómìnà ti ṣòfin. Bàbá Ìdírísù, àbúrò wọn ní Ìbà, ń ṣánko, wọ́n bá ẹyin àparò nínú koríko, wọ́n fi fìlà kó o wá. Gómìnà tì í sábẹ́ Métírọ̀nì – adìyẹ náà ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ojú tó fi ń wo ènìyàn, ojú àgbà nọ́ọ̀sì ni.

“Tí o bá rí èyí pa, tí wọ́n sì dàgbà nínú àgbàlá yìí, máa gbọ́mọ lọ. Tí o ò bá rí i ṣe, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé.”

Bàbá Ìdírísù fẹ́ sọ nǹkan. Gómìnà ní kí wọ́n lọ jẹun.

Ọjọ́rú, 6 Fẹ́búárì

Métírọ̀nì ń sàba. Mo ti gbé ọṣẹ jìnnà sí ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Fẹ́búárì

Ṣàkírù ń húkọ́. Mo fi etí lé àyà rẹ̀, mo sáré lọ fi etí lé ẹyin. Àwẹ̀ró, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ká mi mọ́ orí ìkúnlẹ̀.

“Ìyàwó akọ̀wé, adìyẹ lo ń forí balẹ̀ fún báyìí?”

Mo ní abẹ́rẹ́ ni mò ń wá.

“Lábẹ́ adìyẹ?”

Ọjọ́ Àìkú, 24 Fẹ́búárì

Wọ́n pa! Ìlà-ìlà lára, wọn ò ju àtàǹpàkò lọ. N kò tíì dúpẹ́ tán tí wọ́n ti ń sáré. Métírọ̀nì ń pè wọ́n, wọn ò gbọ́ èdè. Ọ̀kan wọ abẹ́ ìkòkò omi, ọ̀kan wọ bàtà mi. Mo kó wọn sínú àgò adìyẹ, mo fi àwọ̀n apẹja tó ti ya bò ó.

Gómìnà wá wò ó. “O gbìyànjú” – bí ẹni ń jẹ orógbó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Fẹ́búárì

Wọn ò jẹ àgbàdo. Ikán ni wọ́n ń jẹ. Èmi tí mo kọ́ Látìnì – ọkọ́ lọ́wọ́, agolo nílẹ̀, ọmọ lẹ́yìn – lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì, mò ń wú ilé ikán. Lọ́rì kan tó ń lọ Ìjánikin rọra dúró.

“Ìyáàfin, ṣé wúrà ni?”

Mo ní oúnjẹ ọmọ ni.

Gbogbo èrò ọkọ̀ fi ojú àánú wo Ṣàkírù.

Ọjọ́bọ̀, 7 Màásì

Mo ti mọ ohun tí Bàbá Ìdírísù fẹ́ sọ lọ́jọ́sí. Àwẹ̀ró ló tú u fún mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀: “Ta ló ń sin àparò? Tí ìyẹ́ wọn bá ti gún, igbó yá nìyẹn. Gbogbo ọmọ Ìbà ló mọ̀. Màmá gan-an sìn ín rí ní kékeré, kò ku ẹyọ kan.”

Ìdánwò tí ẹnikẹ́ni ò yege rí. Òun ni wọ́n fún mi. Ẹ ṣeun o, Gómìnà.

Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rán gbogbo ibi tí àwọ̀n ti ya, mo ṣẹ́ ẹ po. Kí igbó máa dúró dè wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Màásì

Ìyẹ́ ti gún. Wọ́n ṣì wà! Àgò ń mì tìtì. Gómìnà ń lọ, Gómìnà ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 20 Màásì

Mo ti ìdí kànga dé, àgò ṣófo. Wọ́n ká àwọ̀n dáadáa sílẹ̀ – olè kì í ká àwọ̀n. Gómìnà jókòó tì í, Ṣàkírù wà lórí itan wọn, ó ń mu ìka wọn.

“Èmi ni mo ṣí i. Wọ́n ń forí gbá àwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ. Mi ò lè wò ó mọ́.”

N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, Màmá, ẹ bá kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ kí n lọ, dípò tí ẹ fi ní kí n máa wú ilé ikán kiri ọ̀nà Àgbádárìgì. Mo pariwo. Sí ìyá ọkọ! Àwẹ̀ró gbé ẹ̀fọ́ tó ń já sún mọ́ wa, kó lè gbọ́ dáadáa.

Wọn ò bínú. “Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí lọ. Òótọ́ ni. Bàbá ẹ̀ náà lọ, ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Iléyá wo?” Wọ́n nu ẹnu ọmọ. “Ìwọ tó fọ ẹyin yìí, tí ara ọmọ bá gbóná ní Kàdúná, ta lo máa pè?”

Ìwé, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: ohun tó ń já mi láyà láti ọjọ́ tí ìròyìn yàrá ti dé nìyẹn.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ń lọ.”

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Màásì

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá Ṣàkírù láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ síbí, kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́la:

Olówó orí mi, èmi àti ọmọ yín ń bọ̀. Màmá náà ń bọ̀. N kò pè wọ́n, n kò sì lè ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ti kó odó àti ọmọ odó sínú ẹrù, wọ́n ní odó Kàdúná kò lè dára. Yàrá kan ò lè gbà wá – ẹ wá ìkejì. Àyà mi balẹ̀ díẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.