Omi Gbígbóná Tí Mi Ò Kà Mọ́ Iná

Bàbá mi àtàtà, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi gílóòbù sílẹ̀ ní títàn ní yàrá tí kò sí ènìyàn,

Mo ti bímọ o. Obìnrin ni. Ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ó di ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Wọ́n ní kí èmi náà máa sùn tí ọmọ bá ti sùn, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Màmá ní ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mú un.

Inú ilé ìgbẹ̀bí tí ìjọ kọ́ sí Òkukù ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí ilẹ̀ tí ẹ jogún lọ́dọ̀ ìyá yín tí ẹ sì fi ta wọ́n lọ́rẹ. Èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀ ní ọ́fíìsì mi ní Ìkìrun, ẹ ò sì dúró kí ẹ rí òrùlé rẹ̀. Ṣé ẹ rántí ọsibítù tí ẹ dùbúlẹ̀ sí kẹ́yìn? Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé yín, èéfín ń wọlé, ojú yín ò lè pa dé. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé irú ẹ̀ sí ìdí àwọn ìkókó láéláé. Mo ṣèlérí. Sólà la fi sórí òrùlé, mo ṣírò iná tí ilé náà máa jẹ, ó tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù.

Bàbá, kò tó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ni bátìrì ti ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ti fi iná fóònù gbẹ̀bí níbí rí. Lọ́la ni ìgbìmọ̀ ìjọ máa jókòó. Alága wọn ti ń sọ kiri pé jẹnẹrétọ̀ ló kù, ibi tí wọ́n sì ti wọ̀n sílẹ̀ fún un, ẹ̀yìn fèrèsé yàrá tí mo wà yìí gan-an ni. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ara mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Mo ti kọ́kọ́ fura sí gbogbo ènìyàn. Mo ní ayédèrú bátìrì ni wọ́n tà fún wa. Mo pe ẹni tó so sólà náà, ó gun òrùlé, ó tú wáyà, kò rí àléébù kankan, mo sì tún bínú sí i. Òṣogbo ni mo fẹ́ bímọ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Màmá ní Ìnísà ni ìrọbí ti mú mi, ibí ló sì sún mọ́ wa jù. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ sínú ilé tí mo yà fúnra mi nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí. Mi ò tíì gun bẹ́ẹ̀dì tán tí Màmá ti ń ti fèrèsé. Fèrèsé tí mo fi ń yangàn, tí mo kọjú wọn síra kí atẹ́gùn lè máa gba àárín kọjá! Ọyẹ́ ń fẹ́, wọ́n ní atẹ́gùn ò gbọdọ̀ wọ ara ìyá ọmọ. Ihò atẹ́gùn tó wà lókè, àkísà ni wọ́n fi dí i. Nígbà tí yàrá ṣókùnkùn, wọ́n tan iná lọ́sàn-án. Nígbà tí ooru mú, wọ́n tan fáànù, ṣùgbọ́n wọ́n kọjú ẹ̀ sí ògiri kó má baà fẹ́ sí ọmọ. Bàbá, fáànù ń fẹ́ ògiri láti àárọ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Omi gbígbóná ló wá jẹ́ baba gbogbo ẹ̀. Ìyá ọmọ á wẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀ lálẹ́, wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún un, wọ́n á wẹ ọmọ. Gbogbo ìyá àgbà tó bá tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá síbí ló ń mú rìǹgì oníná bọ̀ nínú àpò, èyí tí wọ́n ń kì bọ korobá omi títí á fi hó. Irin kékeré yẹn ń jẹ iná ju gbogbo gílóòbù ilé yìí lọ. Nínú ìṣirò mi, gílóòbù wà níbẹ̀, fáànù wà níbẹ̀, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀. Omi gbígbóná kò sí níbẹ̀. Èmi ọmọ Ìnísà, tí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ dàgbà!

Mo bi Nọ́ọ̀sì Títílayọ̀, tó ń tọ́jú wa, ìdí tí kò fi kọ̀ fún wọn. Ó wò mí sùn-ùn.

“Aǹtí Íńjíníà, ta ni kí n sọ fún pé kó má se omi fún ọmọ ẹ̀? Ṣé màámi yín ni?”

Ó ní àwọn tó ń wá kí abiyamọ láti Ìgbayè pàápàá, fóònù gbogbo ará ilé ni wọ́n ń kó wá síbí kí ó wá gba iná. Sólà ò kúkú ń mú bíìlì wá.

Mo ti wá mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó ń gbé inú àwòrán mi, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí gbogbo fèrèsé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ẹ máa ń tẹ̀ lé wa láti yàrá dé yàrá tí ẹ ń pa iná. Ẹ tiẹ̀ pa á mọ́ wa lójú nídìí oúnjẹ nígbà kan, ẹ ní òṣùpá tó. Ilé tí ẹ̀yin nìkan lè gbé ni mo kọ́. Ta ló tún dà bíi yín?

Mo sọ ọ́ fún Màmá pẹ̀lú ìbínú, mo ní ká ní Bàbá ló wà níbí ni, wọn ì bá ti yọ rìǹgì yẹn sọnù. Màmá bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá yín? Ta ló parọ́ yẹn fún ẹ? Inú ọyẹ́ ni mo bí ẹ. Bàbá yín ní àtùpà ò gbọdọ̀ kú lórí ẹ. Wọ́n jó kẹrosíìnì ilé tán, wọ́n lọ tọrọ ti ará ilé kejì. Igi tí a kó jọ de òjò, wọ́n dáná ẹ̀ tán sábẹ́ omi ìwẹ̀ ẹ. Wọn ò sì jẹ́ kí n ṣí fèrèsé kankan.”

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ jẹ́ kí n dàgbà, kí n máa fi yín ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé, ẹ̀yin náà ò sì lè dúró lórí òṣùwọ̀n ọ̀hún nítorí tèmi. Mo sunkún. Inú tún ń bí mi sí yín, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ dì mọ́ yín.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ sín. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Màmá ti jáde lọ sọ́jà. Mo dìde, mo fa fèrèsé tó ṣí díẹ̀ pa dé, mo sì fi ọwọ́ ara mi ki rìǹgì bọ korobá. Mo mọ iye iná tó ń jẹ, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nílé yìí. Mo dúró tì í títí omi fi hó.

Lọ́la, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní sọ pé ilé náà dára lórí ìwé. Màá ní ibi tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ yẹn, ilé ìdáná ni kí á kọ́ síbẹ̀, kí omi ìwẹ̀ máa hó lórí gáàsì, kí sólà lè gbájú mọ́ àwọn tó ń rọbí. Bóyá Alága á gbà, mi ò mọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?

Ọ̀sán ti pọ́n gan-an báyìí. Fèrèsé wà ní títì, gílóòbù sì ń tàn lókè orí ọmọ. Èmi ni mo tàn án. Mo ti lọ sí ìdí súwíìṣì, mo bojú wẹ̀yìn wo ọmọ, mo padà wá jókòó. Tí ẹ bá ń kọjá, Bàbá, ẹ bá mi pa iná náà. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ ná.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń tan iná lọ́sàn-án.