Ta Ló Ni Àwo Kẹrin?

Abà Ògúntúndé,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1964.

Táyélolú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Agbowó? Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ ń wọrí, ṣé ìyàwó àbúrò mi tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò tíì fi ọ̀rọ̀ gbé ọ mì? Ọlọ́run tó mú ọ dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Bódìjà yóò jẹ́ kí o jáde, wàá rí ọmọ ọlọ́mọ nà dáadáa. Àmín. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ibi tí ìyá rẹ ń jókòó sí ló ń jò sí, nítorí náà n kò tíì kánjú.

Ìwé àròkọ tí o gbàgbé sílé nígbà Àjíǹde ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Sítáńdáàdì Kẹta mi kò tíì jẹrà, mo kà á. Háà, ìwé náà pupa bí ẹni pé wọ́n pa adìyẹ sórí rẹ̀! Níbi tí o ti kọ ọ́ pé bàbá rẹ kì í purọ́, Tíṣà Akíndúró fi tàdáwà pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ẹ̀rí dà?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin yẹn mọ̀ mí.

Ojú ewé kejì ni ẹ̀rín ti tán. O kọ ọ́ pé àwa mẹ́ta la wà nílé, pé ìyá rẹ sì máa ń bu ẹ̀wà sí àwo mẹ́rin. Òun náà kọ ọ́ pé, "Ènìyàn mẹ́ta, àwo mẹ́rin. Ta ni ẹni kẹrin?" Táyé, ṣé o sọ fún un ni? Kò dé abà yìí rí, báwo ló ṣe rí Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ tó padà lẹ́yìn rẹ ní ọmọ oṣù mẹ́jọ, tí ìyá rẹ ń bu ẹ̀wà fún ère rẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún? Kátíkíìsì ìjọ wa pàápàá kò bi wá rí. Nísàlẹ̀, ó tún kọ ọ́ pé, "Èyí kò yẹ níbí. Yọ ọ́ kúrò."

Ìyá rẹ ní ẹni tí ìwé ẹ̀rí ọmọ òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, a kò gbọdọ̀ ṣàìgbọ́. Mo ní, Moróunkẹ́, tíṣà kì í pàṣẹ fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n panu mọ́. Ó sunkún, ó fi aṣọ wé ère náà, ó gbé e sí àjà.

Láti ọjọ́ náà, bó bá bu oúnjẹ sí àwo méjì lọ́sàn-án gangan, tá a bá jókòó, mẹ́ta la máa ń bá. Mo fọwọ́ kan ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbóná bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Mo dápàárá pé kí Kẹ́hìndé má fọwọ́ kan ẹran mi o. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ wà ní odò.

Lánàá ni mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ máàkì. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù níbẹ̀: "Wá rí mi." Mo sáré gun àjà. Aṣọ wà níbẹ̀, wọ́n ká a mẹ́rin-mẹ́rin. Kẹ́hìndé kò sí. Láti ìgbà náà, àwo méjì ń jẹ́ méjì, ẹní sì tutù.

Ìyá rẹ kò jẹun. Ó ní ta ni yóò fi ọ̀nà Bódìjà han ọmọ òun.

Jọ̀wọ́, lọ bá tíṣà, kí ó fi tàdáwà pupa kan náà kọ ọ́ pé, "Dá a padà." Bí ẹnìkan tó ní ojú rẹ bá kanlẹ̀kùn l'Ágbowó, má bi í níbi tó ti ń bọ̀. Kúnlẹ̀ kí i, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Kó tó kan ìwọ, bu ẹ̀wà fún un.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa kíákíá: ẹni méjì ní àlọ, ẹni mẹ́ta ní àbọ̀. Má ṣírò rẹ̀ ní owó ọmọdé o, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, àwọn onímọ́tò kò ní gbà.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ẹ kò ní ṣìnà ara yín.

Èmi ni bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Theophilus Adéwùnmí.