Ọdún Méje Lẹ́yìn Bàbá Kí-ló-fà-á

Ọdún méje rèé tí ẹ lọ, Bàámi. Ọdún méje! Àwọn ọmọ tó sọ yín ní Bàbá Kí-ló-fà-á, torí ìbéèrè tí kì í wọ́n lẹ́nu yín, ti ń mú ọmọ tiwọn wá sílé ìwé yín báyìí.

Yàrá ìkàwé mẹ́ta tí ẹ fi ìpìlẹ̀ wọn sílẹ̀ ti parí, òrùlé àwọn ti àtijọ́ ò sì jò mọ́. Ọmọ-ọmọ yín tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì nígbà ayé yín ti ga jù mí lọ. Èmi ni ọ̀gá ilé ìwé, ẹ wò ó!

Ṣé ẹ rántí ìbéèrè àárọ̀? Ọmọ kan á béèrè ohun tó wù ú, olùkọ́ ò gbọdọ̀ dáhùn, àwọn ọmọ ni yóò jọ wá a. Ẹ máa ń sọ pé ohun téèyàn gbà gbọ́ àti bó ṣe ń kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ bára mu. Mo gbìyànjú, Bàámi. Àwọn òbí ní eré kọ́ làwọn rán ọmọ wá ṣe, èsì ìdánwò làwọn fẹ́. Mo gé e kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún gé e kù sí ọjọ́ Ajé nìkan. Nígbà tó yá, n ò rí i mọ́.

Kí n má baà gbàgbé yín, mo ní kí akunlé kọ ọ̀rọ̀ yín sára ògiri: “Má gbà á gbọ́ torí pé mo sọ ọ́. Wádìí rẹ̀ wò.” Mo rò pé mo ṣe dáadáa ni o! Àfi bí àwọn olùkọ́ ṣe sọ ọ́ di àkọ́sórí. Ọmọ tí kò bá lè kà á láìwo ògiri, á kúnlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé ìwé wa kọ̀, kò kà á. Ó ní ta ló sọ ọ́, báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, Bàámi, mo sì dákẹ́. Bí mo bá gbé e dìde, olùkọ́ á di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú kíláàsì. Bí n ò bá gbé e dìde, ẹ̀yin ni mo jẹ́ kó kúnlẹ̀. Apá mi ò ká a.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ó wò mí, ó ní kí ló fà á tí mo fi dákẹ́. Kò lọ, ó dúró de èsì, bí ẹ ṣe máa ń dúró gan-an.

Àárò yín ń sọ wá, Bàámi. A fẹ́ràn yín, a fẹ́ràn yín! Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní èyí lákọ́sórí.