Tíì Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Fi Ẹnu Bà Jẹ́

                                        Ṣọ́ọ̀bù Alátùn-únṣe Aago,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Farabalẹ̀,

Ṣé dáadáa ni ìwé mi bá ọ? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìyẹn ni mo fi ń kọ̀wé ní ọjọ́ iṣẹ́, tí aago mẹ́rin wà ní títú sílẹ̀ níwájú mi.

Ọ̀rọ̀ tíì Ṣáínà tí o fi ránṣẹ́ ni. Nínú lẹ́tà mi oṣù tó kọjá, mo ní ó dùn, mo ní mo ń mu ún lójoojúmọ́. Irọ́ ni. Jọ̀wọ́, má tíì bínú, ó ṣì kù.

Nígbà tí mo tú ẹrù náà, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni bébà iye owó tí ilé ìtajà lẹ̀ mọ́ ìdí páálí. O mọ bí ojú mi ṣe ń yára rí ohun tí kò yẹ kó rí. Owó rẹ̀ kò tó ti ọṣẹ ìfọṣọ. Mo ní, háà, ṣé ibi tí mo wá dé lójú Farabalẹ̀ nìyí? Mo gbàgbé pé èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé sí ọ pé dókítà ní kí n dín ṣúgà kù, mi ò sì mọ ohun tí màá máa mu nídìí iṣẹ́.

Èdè Ṣáínà ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí, àfi àwòrán ife kan àti nọ́ńbà ọgọ́rin. Èmi tí mo ti ń tún aago ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún, kí ni ọgọ́rin lè jẹ́ lójú mi bí kò ṣe ìṣẹ́jú? Mo da ìdajì páálí sínú ìkòkò, mo gbé e kaná, mo fi aago ṣọ́ ọ. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú! Omi náà dúdú, ó korò débi pé ojú mi ń ṣomi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mu ún bí ẹni ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni mo lọ gé irun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ wa tí gbogbo wa ń pè ní Rédíò nítorí ẹnu rẹ̀. Ó béèrè rẹ. Mi ò kó ara mi níjàánu. Mo ní o ti di ahun, mo ní koríko lo dì ránṣẹ́ sí mi, mo ní ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún ti parí sí koríko. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó mi ti ilé ìwòsàn dé, ó ń wá iyọ̀ lórí pẹpẹ, ó rí páálí náà.

"Bàbá, báwo lẹ tiẹ̀ ṣe se tíì yìí?"

Mo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì ni, kì í yára rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ńṣe ló jókòó sílẹ̀.

"Ọgọ́rin ìṣẹ́jú! Ẹ wo òdo kékeré tó wà lókè nọ́ńbà yìí. Bí omi ṣe máa gbóná tó ni wọ́n ń sọ. Irú rẹ̀ la máa ń kọ tí a bá wọn ibà aláìsàn. Omi tó ń hó ti gbóná jù fún un."

"Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ kó yé èèyàn?"

"Ó yé àwọn ará Ṣáínà."

A se omi, a gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ní kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn gùn! Mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá mi jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó bu ewé ṣíbí kékeré kan péré, a ka ìṣẹ́jú méjì, a sẹ́ ẹ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó ń ta sánsán bí àgbàdo tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, adùn díẹ̀ sì kù lórí ahọ́n nígbà tí mo ti gbé e mì. A tún da omi lé ewé kan náà, ẹlẹ́ẹ̀kejì tún dáa jù ú lọ. Mo gbé ife sílẹ̀ láìmu ún tán. Ìyàwó mi rò pé mo fẹ́ kí adùn náà pẹ́ lẹ́nu mi ni. Rédíò ni mo ń rò.

Torí pé Sátidé yìí ló ń bọ̀ ní ìlú yín wá kí ọmọ rẹ̀, ó sì ní òun á yà sọ́dọ̀ rẹ. Lánàá, mo rọ tíì sínú fúláàsì, mo gbé e lọ bá a. Ó mu ife méjì.

"Ó dáa o," ló wí.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, jọ̀wọ́..."

"Ṣé kí n wá purọ́ fún ọmọlúwàbí bíi Farabalẹ̀ ni? Ìwọ lo sọ ọ́. Àfi kí o yára sọ ọ́ ṣáájú mi."

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lónìí. Mo ti sọ ọ́. Tíì kọ́ ló korò. Mo ti fi ojú mu iye owó kí n tó gbé omi kaná. Dárí jì mí. Tí o bá máa bínú, kọ ìbínú náà sínú ìwé, ṣáà má dákẹ́ sí mi. Tí Rédíò bá sì dé, jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán. Ó ti ń múra ẹ̀ sílẹ̀.

Ìyàwó mi kí gbogbo yín. Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi tẹ̀ wọ́n lórúnkún díẹ̀.

Páálí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nítorí ìdajì tí mo fi ṣòfò. Mo ti rọra ṣí bébà iye owó náà kúrò, òun ni mo lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ yìí. Tí o bá ṣì lè ra nǹkan fún mi, irú rẹ̀ gan-an ni kí o rà. Má ra èyí tó wọ́n jù ú lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró de omi,

Kò-Sinmi.