Ṣé O Fi Orí Iṣu Sílẹ̀ Lóko Olóko?

Agbo-ilé Ọ̀ṣìnúbí,
Igbesa, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Mùbárákà, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí o ti ń rẹ́rìn-ín, kó má bá ọ lórí àìsàn, kó má sì bá ọ lórí ebi. Èmi bàbá rẹ wà láàyè, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà, ti òsì ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọlọ́run Ọba ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwọ, lẹ́yìn náà àwọn olóko òyìnbó tó dá fídíò rẹ méjèèjì padà. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan fún wọn. Dèjì àna wa ní wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní kò kàn wọ́n, Ẹni tí mo gbà á fún mọ̀ ọ́n.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù wà, mo dúpẹ́, ó wà nínú àpótí, mo fi ìborùn ìyá rẹ wé e kí eruku iléeṣẹ́ wọ̀nyí má baà kó sí i nínú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ní gùn, fóònù sì dà bí dẹ́rẹ́bà tí kò lójú àánú, bí owó bá ti tán á já ọ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Gbogbo ilé kí ọ. Ẹ̀gbọ́n mi Ẹfúnkẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ibà, ó ti ń bú àwọn ènìyàn padà, ìyẹn la fi mọ̀ pé ara rẹ̀ yá. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ oko ìsàlẹ̀ ti mọ ògiri wọn dé ibi igi àgbálùmọ̀ wa, ṣùgbọ́n wọ́n yà fún igi náà, ọ̀gá wọn ló ní kí wọ́n má gé e. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn kí n tó lè fi àgbálùmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún igi náà kó so dáadáa.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oko. Kí n má purọ́, lóṣù tó kọjá tí o pè mí tí o ń sunkún, mi ò mọ ohun tí o ń sọ. O ní àwọn kan ti yọ fídíò rẹ méjì, pé géèmù tí o ń gbá tí o ń sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe tìẹ, àwọn tó ni ín ló fẹjọ́ rẹ sùn. O ní bó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ti ìsọ̀ fídíò rẹ pa títí ayé, ibẹ̀ lo sì ti ń rí owó ilé san ní Sùúrùlérè, ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún ọ láti fèsì. Mo ní kí o nu ojú rẹ. Mo gbé fóònù mo tọ Dèjì lọ, Dèjì tó fẹ́ ọmọ Ẹfúnkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe páànù ní Ṣàngó, mo ní kó wá fi ohun tí wọ́n ní ọmọ mi jí hàn mí.

Dèjì tẹ ọ̀kan tí wọn ò tíì yọ, mo rí oko. Mùbárákà, oko ni mo rí! Ìwọ tí o ju ọkọ́ sílẹ̀ tí o ní ó ń ba èékánná rẹ jẹ́, ohùn rẹ ni mo ń gbọ́ lórí oko, tí o ń gbin tòmátò, tí o ń bomi rin ín, tí o ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má fún un ní omi jù. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí Dèjì tún un gbé, ó tún un gbé, mo ní kó tún un gbé lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rò pé oko náà ni mo ń wò. Kì í ṣe oko nìkan, màá sọ èyí tó kù kí n tó fi bírò sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n oko ọ̀hún, háà! Tòmátò tí o gbìn, kí Dèjì tó mu tíì rẹ̀ tán ó ti pọ́n. Òjò ń rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sá. Adìẹ ń yé lójoojúmọ́, mi ò rí ẹni tó fún un ní àgbàdo kan ṣoṣo. Mo ní ilẹ̀ òyìnbó lọ́ràá o! Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ebè rẹ, ó há jù, kò sí ibi tí ènìyàn á gbẹ́sẹ̀ sí, mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Dèjì ní àwòrán ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí oko kankan níbì kankan, pé àwọn kan ló jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n yà á. Mo bi í pé bí kò bá sí oko, ta wá ni olóko tó ń bínú? Lẹ́yìn náà ló tún ní ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló ń tẹ̀lé ọ. Ọ̀kẹ́ méjì! Mo ní báwo ni ojú olóko ò ṣe ní le, nígbà tí ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ń wọ́ wọ oko ẹnìkan, níbo gan-an ni wọ́n ń tọ̀ sí?

Lọ́jọ́ kejì mo pè ọ́, mo bi ọ́ bóyá o kó nǹkan jáde lóko ọ̀hún. O ní rárá, pé o fowó ra géèmù náà kí o tó gbá a, pé ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn bó ṣe wà, pé ọ̀rọ̀ àti ẹ̀fẹ̀ tí o ń sọ lé e lórí ni àwọn ènìyàn ń wá gbọ́. Ni mo bá sọ ohun tí bàbá mi sọ fún mi lọ́nà oko. Bí ebi bá pa ènìyàn lọ́nà, ó lè yà sóko olóko, kó wa iṣu kan, kó sun ún níbẹ̀, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ dì í lẹ́rù lọ. Bó bá jẹ ẹ́ tán, kó gbé orí iṣu náà lé ebè tó ti wà á, kí olóko lè rí i, kó sì rí nǹkan gbìn. Ẹni tó fi orí iṣu sílẹ̀, àlejò ni. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ lọ, olè ni. Iṣu ni ti olóko, ṣùgbọ́n iná tí o dá àti epo tí o fi jẹ ẹ́, tìẹ ni. Mo wá bi ọ́ pé Mùbárákà, ṣé o fi orí iṣu sílẹ̀?

O ní orúkọ àwọn tó ni géèmù wà níbẹ̀rẹ̀ gbogbo fídíò rẹ, pé ìyẹn ni orí iṣu tìẹ. O wá ní, Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má yára. Mo tún un sọ. Mi ò mọ̀ pé ò ń gba ohùn mi sílẹ̀ láti fi kọ èsì ránṣẹ́ sí wọn.

Dèjì ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ènìyàn ló kọ́kọ́ mú ọ, ẹ̀rọ kan ni, tó ń ṣọ́ oko láìsùn. Mo ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ebi ò pa rí, báwo ló ṣe fẹ́ dá ẹni tó ń sun iṣu jẹ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gbé àpò wá? Ó tún ní wọ́n ní kí o búra pé òótọ́ lo sọ, pé o kàn máa fa ìlà bí ẹsẹ̀ adìẹ sínú àpótí kékeré kan ni. Ìbúra wo nìyẹn, láìgbé Kùránì! Mo ṣe àlùwàlá, mo fọwọ́ lé Kùránì, mo bá ọ búra níhìn-ín kó lè dúró dáadáa.

Mùbárákà, ọjọ́ tí à ń retí èsì yẹn, fóònù ò kúrò lórí itan mi. Ìgbà tí o wá pè pé obìnrin kan lọ́dọ̀ àwọn tó ni géèmù, ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ti kà á, pé ó ní òun rí orí iṣu náà, wọ́n ti yọwọ́ nínú ẹjọ́, fídíò méjèèjì sì ti padà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ẹni tó bí obìnrin yẹn kọ́ ọ re. Àpò gàrí méjì ni Dèjì ń gbé bọ̀ wá fún ọ, èyí tí mo fi okùn pupa so ni ti olóko, bá mi fi ránṣẹ́ sí i, má jẹ ẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. O fi ohùn mi sínú fídíò tuntun, o ò sọ fún mi. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ ra oògùn koríko ní Ṣàngó, bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ lábẹ́ bíríìjì, mo gbọ́ tí bàbá kan ń pariwo nínú ẹ̀rọ pé ṣé o fi orí iṣu sílẹ̀? Mo ní bàbá wo ló ń pariwo báyìí bí ẹni ń lé ẹyẹ? Àṣé èmi ni! Ọkùnrin kan tó ń ta wáyà fóònù, Treasure lorúkọ rẹ̀, ló ń fi mí pe oníbàárà. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rà. Inú bí mi débi pé ọ̀pá mi ti gòkè kí n tó rántí pé Múìdéènì, ìwọ ni olóko lónìí o. Mo sọ ọ̀pá kalẹ̀. Mo bi í bó bá mọ ẹni tó ni ohùn, ó ní òun ò mọ̀, orí fóònù lòun ti bá a, ó mú òun rẹ́rìn-ín, ọjà òun sì ti ń tà láti ìgbà náà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló dá ohùn mi mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó dìde, kó máa jẹ ẹ́ lọ, kó ṣá fi orí iṣu sílẹ̀. Ní báyìí, bí ohùn mi bá ti dákẹ́, á ní ohùn Bàbá Mùbárákà ará Igbesa lẹ gbọ́ yẹn. Ó fún mi ní wáyà kan, kò wọ fóònù mi, mo fi so ewúrẹ́.

Bàtà rọ́bà mi ti lu, omi ń wọ̀ ọ́, bí o bá rí owó bàtà fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú díẹ̀ fún orúnkún. Fi lé Dèjì lọ́wọ́, má gba ti báńkì. Wọ́n ní kí n wo inú gíláàsì kan kí n ṣẹ́jú, kó lè mọ̀ pé èmi ni. Mo ṣẹ́jú, mo kí i, mo bi í nípa ilé, kò dá mi lóhùn.

Ó ku ohun tí mo ní màá sọ. Nínú fídíò yẹn, nígbà tí tòmátò pọ́n, o ní, Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin àlejò mi, ta ló kọ́kọ́ jí nínú yín? Dèjì ní ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń kọ sísàlẹ̀ fídíò rẹ, wọ́n rò pé ìwọ lo dá a sílẹ̀. Hàlímọ̀tù ìyá rẹ ló máa ń fi kí tòmátò rẹ̀ láràárọ̀ kó tó já èyí àkọ́kọ́. Láti ọdún mẹ́fà tó ti dolóògbé ni mi ò ti gbọ́ ọ. Ìdí tí mo fi ní kó tún un gbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn. Mi ò bínú o, Àbẹ̀kẹ́, mo dúpẹ́, mo dúpẹ́ gan-an, o dá a padà fún mi fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n o ti fi orí iṣu sílẹ̀ fún òyìnbó, o ò tíì fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ. Kọ orúkọ rẹ̀ sí fídíò tó ń bọ̀, Hàlímọ̀tù aya Múìdéènì, Igbesa, kọ ọ́ gàdàgbà. Ọjọ́ tí o bá kọ ọ́, pè mí, màá tú fóònù kúrò nínú ìborùn rẹ̀, màá sì jókòó wò ó.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a jẹ ti ẹni yó, kí a gbàgbé orúkọ ẹni náà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múìdéènì Ọ̀ṣìnúbí.