Òpó tí Bàbá tẹ̀ka fún

Ọjà-Ọ̀dàn, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé máàsì yẹn, irin gíga ilé-iṣẹ́ fóònù, ṣiṣẹ́ ṣì ń pariwo lẹ́yìn ilé bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, kò sinmi rí. Èéfín rẹ̀ ti sọ ewé igi ọsàn wa di dúdú. Ikọ́ Bàbá kò sì lọ mọ́.

Lónìí mo ní ká kọ̀wé pe àwọn tó ni ín lẹ́jọ́. Bàbá ní rárá.

"Jẹ́ kí wọ́n parí iṣẹ́ wọn ná. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá fa wáyà?"

"Wáyà wo, Bàbá?"

"Wáyà iná. Ṣebí ìwọ lo ka ìwé àdéhùn wọn fún mi pé òpó ni wọ́n fẹ́ rì."

Èmi ni lóòótọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì! Mò ń kánjú lọ sílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò rí Yorùbá tí mo lè pe máàsì, mo bá sáré pè é ní òpó. Òpó iná nìkan ni Bàbá mọ̀. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi tẹ̀ka. Ìwé náà ní fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò gbọdọ̀ gbin ẹ̀gẹ́ kan sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Mi ò lè sọ fún un. Mo ní wọ́n ń bọ̀.

Ó wúkọ́ wọlé, ó mú gílóòbù kan jáde nínú páálí, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá kò tíì bàjẹ́. Mo gbọ̀n ọ́n létí, ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní ó ṣì dáa.