Gbogbo Àléébù Ọkọ̀ Pupa

Oban, etíkun Scotland,
Ọjọ́ Àìkú, inú oṣù Kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Thelma,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo nírètí pé lẹ́tà yìí yóò bá yín lórí ìdúró, pé ikọ́ tó ń dà yín láàmú nígbà ọdún Àjíǹde ti relé rẹ̀, àti pé àwọn ọmọ ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Ní tiwa, a dúpẹ́. Èmi àti Bàbá ti gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá Amos, àbúrò wọn, láìfarapa. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí o. Bí ẹ bá rí i tí ìlà kan wọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ṣì ń ṣe bí ẹni tó di sítíárìn mú.

Ẹ ó máa rò pé kí ló dé tí mi ò fi pè yín lórí fóònù. Fóònù Bàbá Amos wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí Bàbá ń tòògbé sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò yẹ kí wọ́n ta etí bá lójú oorun. Ẹ rántí pé nígbà tí ẹ wá kí wa, ẹ fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ẹ ní, "Dinah, ìwọ lo máa ń wo nǹkan fínnífínní. Tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ yẹn lọ, bá mi wò wọ́n dáadáa. Ṣé Bàbá ṣì lè wakọ̀ àbí wọn ò lè wakọ̀ mọ́? Ohun tó o bá sọ la máa ṣe." Mo mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn. Bọ́ọ̀sì kì í gun òkè wa. Yàtọ̀ sí ìsinmi tí mo gbà fún ìrìn àjò yìí, ọjọ́ Àìkú nìkan ni èmi náà ń ráyè kúrò nílé ìtajà oògùn ní Kendal, Bàbá ló sì ń fi mọ́tò kékeré wọn wá gbé mi. Ẹni tí kò bá lè wakọ̀ kò lè dá gbé orí òkè yẹn, ẹ sì ti kun yàrá ìsàlẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n ní Leicester. Gbogbo ẹ̀ wá dúró sórí ojú èmi.

Ọkọ̀ pupa náà kò yí padà. Ó dàgbà jù mí lọ, ìjókòó méjì péré, kò lórí àfi tapólì tó dà bí aṣọ àgbà. Ẹ mọ bí Màmá ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà ayé wọn: pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo, ó ń gbé ọdún kan nílé ẹ̀gbọ́n, ó ń gbé ọdún kan nílé àbúrò, kò sì gbọ́ràn sí èyíkéyìí lẹ́nu. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó gun òkè Shap. Mo ní kí a fa tapólì bo orí. Bàbá ní, "Bo orí kẹ̀? Tá a bá ti ń sáré dáadáa, òjò á gba orí wa kọjá." Ọkọ̀ náà kò lè sáré dáadáa. Gbogbo òjò náà ni mo fi itan gbà. Mo ń fi táwẹ́ẹ̀lì gbọ́n omi lẹ́sẹ̀ ara mi, mo ń fún un síta, mo tún ń gbọ́n.

A ti kọjá Carlisle nígbà tí mo rí ohun àkọ́kọ́. Ẹ ò lè gbàgbé ìkíni wọn, àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ àtijọ́ aláìlórí yìí: bí wọ́n bá pàdé ara wọn lọ́nà, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọn ì báà má mọ ara wọn rí. Nígbà tí a wà ní kékeré, Bàbá a máa sọ pé ẹni tí kò bá dá ìkíni ojú ọ̀nà padà, kó lọ máa wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan ń bọ̀ níwájú wa, obìnrin tó wé gèlè kékeré ló ń wà á, ó na ọwọ́ sókè tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Bàbá kò nawọ́. Mo rò pé òtútù ni, pé ọwọ́ wọn ti gan mọ́ sítíárìn. Kò pẹ́ tí a fi tún pàdé òmíràn nítòsí Moffat. Baba arúgbó tó wà nínú rẹ̀ tan iná sí wa, ó tún fọn fèrè nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ wa. Bàbá ta gìrì. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn? Kí ló ń ṣe é?" Mo tún fún omi táwẹ́ẹ̀lì síta.

Moffat la sùn. Obìnrin tó nilé tí a dé sí wò wá látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé inú odò lẹ gbà wá ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi yìí ló ní òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́." Obìnrin náà ní, "Afẹ́fẹ́ wo? Èyí tó ń kán tótó lára yín yìí?" Ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbígbóná wá, ó sá bàtà wa síwájú iná. Mo ń wo Bàbá. Kí wọ́n tó bu tíì, wọ́n kọ́kọ́ fi ìka wá etí ife. Wọ́n ṣe é pẹ́lú ọgbọ́n, bí ẹni ń fi ife ṣeré, débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n kò lè fura. Nígbà náà ló yé mi pé kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni wọ́n ti ń kọ́ ọgbọ́n náà.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ adágún Lomond, ọmọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ níwájú wa lápá òsì, ó wọ aṣọ tó pọ́n bí ìyeyè. Mo rí i láti òkèèrè. Mo ń retí kí Bàbá yà fún un. A ń sún mọ́ ọn, Bàbá ń súfèé. Ẹ̀gbọ́n mi, mo pariwo, "Bàbá, ẹ yà sọ́tùn-ún!" Wọ́n yà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbé ọmọ náà wọ inú koríko. A dúró. Ó dìde, koríko kún irun rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ọ̀ṣọ́ ni ojú yìí wà fún ni? Ọkọ̀ àtijọ́, awakọ̀ àtijọ́! Ẹ lọ gbé ara yín sí ilé tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí!" Ẹ̀yin náà mọ ẹnu Bàbá wa. Mo ń retí ohun tí wọn yóò fi fún un lésì. Wọ́n kàn ní, "Má bínú, ọmọ mi. Ṣé o ò ṣèṣe?" Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Òkè kan wà lọ́nà ibí tí wọ́n ń pè ní Sinmi-kí-o-dúpẹ́, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ náà sinmi, nítorí omi rédíétọ̀ rẹ̀ hó, èéfín bo gbogbo iwájú. A jókòó sórí òkúta kan títí ó fi tutù. Àgùntàn ń wò wá. Èmi ni mo bu omi sí i. Bí mo ṣe pa bónẹ́ẹ̀tì dé, mo rí i pé Bàbá ti rìn yípo ọkọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn apá òsì, wọ́n sì jókòó sí àyè mi. Wọ́n fa táwẹ́ẹ̀lì mi bo orúnkún. Wọ́n ní, "Jíà kejì máa ń já. Má fipá mú un." Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítíárìn ọkọ̀ yẹn rí láyé.

Mo wà á. Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹsẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ tó kọ́lọ́ọ̀ṣì, gbogbo kọ́nà ni mo ń rò pé òun ló máa gbẹ̀mí wa. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà Inveraray, ọkọ̀ funfun kan bíi tiwa yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní, "Bàbá, ọ̀kan ń bọ̀." Wọ́n na ọwọ́ sókè, gan-an ní àkókò, wọ́n sì gbé e síbẹ̀ títí mo fi ní, "Ó ti kọjá." Wọ́n béèrè pé, "Ṣé ó dáhùn?" Mo ní ó dáhùn.

Bàbá Amos ti ń dúró ní ìta, ife tíì lọ́wọ́, àkísà léjìká. Ẹ mọ òfin àwọn méjèèjì. Ọdún kìíní tí wọ́n ra ọkọ̀ náà, Bàbá Amos gbé e sílẹ̀ láì sọ pé búrékì kò mú dáadáa mọ́, díẹ̀ ló kù kí Bàbá wọ odò. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ka gbogbo àléébù rẹ̀, ẹni tó ń gbà á yóò sì ní, "Mo gbọ́, mo gbà á bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ kan dé òmíràn. Bàbá gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Jíà kejì ń já." Bàbá Amos ní, "Ó ti ń já látìgbà tí mo ti nírun lórí." "Ó ń jo òróró." "Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe déédéé nìyẹn." "Tapólì ń jò lápá òsì." "Ẹ bi Dinah, aṣọ rẹ̀ ló jẹ́rìí." "Géèjì epo ń purọ́." "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ."

Bàbá Amos na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Bàbá kò fún un. Wọ́n ní, "Ó ku ọ̀kan." Wọ́n ń wo bónẹ́ẹ̀tì. "Awakọ̀ rẹ̀ ò ríran mọ́."

Mo rò pé Bàbá Amos yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀, tàbí kó dì mọ́ wọn. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ lórí ògiri. Ó béèrè bó ṣe ń béèrè nípa ẹ́ńjìnì: "Iwájú ni àbí ẹ̀gbẹ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iwájú ṣì kù díẹ̀. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà."

"Ta ló wà á wá?"

"Dinah, láti orí òkè."

"Ṣé ó bá jíà kejì jà?"

"Kò bá a jà. Ó bẹ̀ ẹ́ ni."

Bàbá Amos fi àkísà nu ọwọ́, ó nù ún pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo gbà á bẹ́ẹ̀." Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ fún un, wọ́n sì wọlé lọ jẹun. Ẹja ni wọ́n jẹ. Wọ́n ń ṣàríyànjiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà nígbà èwe wọn.

Ìdáhùn mi nìyí, Ẹ̀gbọ́n mi: Bàbá kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́, títí kan mọ́tò kékeré. Ó rẹ̀ mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, àwọn fúnra wọn ló sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn yóò pè yín tí a bá délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti gbọ́. Bí wọ́n bá ń ka àléébù náà fún yín, ẹ má tètè mú ọ̀rọ̀ yàrá wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán. Ẹ sì mọ ohun tó yẹ kí ẹ fi dáhùn.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iná ojú yín kú. Kó bá yín wo àwọn ọmọ, kó mú ẹsẹ̀ wọn gba ọ̀nà tó tẹ́jú, kó sì jẹ́ kí a tún fojú rinjú nínú ayọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wo nǹkan fínnífínní,
Dinah.

Àfikún: Bàbá Amos pè mí lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀. Ó ní ọdún tó ń bọ̀ yóò dé, òun ní láti mọ ẹni tí òun máa ka àléébù fún. Mo ní kó jẹ́ kí n sùn ná. Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń rí tapólì tuntun rà.